Ántì Ìṣirò: obìnrin kan, ìdánwò kan, àti ìjọ tó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀

Mo ń kọ èyí fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ tèmi: pásítọ̀, alàgbà, ìyá ìjọ, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, gbogbo ẹni tí onígbàgbọ́ máa ń sá tọ̀ nígbà tí ayé bá ká a mọ́. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ti kà á kí n tó gbé e jáde, òun náà ló sì ní kí n kọ àṣìṣe tèmi sí i láìbò ó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ ìlú, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń pè é ní Ántì Ìṣirò. Orúkọ yẹn náà ni n ó máa pè é.

Bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọjà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yá, nítorí náà owó oṣù ìyàwó ni wọ́n fi ń san owó ilé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin, wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, ìyá rẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Nínú ìjọ wa, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì yẹ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, díákónì ni nínú ìjọ mìíràn, gbogbo olùkọ́ ló ń pè é ní Dádì. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ kẹta fún Ántì Ìṣirò, Dádì ló san owó ilé ìwòsàn, kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà lọ. Àwa oníwàásù máa ń ya àwòrán ẹni tó fẹ́ fa onígbàgbọ́ kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni tó gbé idà lọ́wọ́, tó fajú ro. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ ní yàrá ìgbaninímọ̀ràn, ẹni tó ti ṣeni lóore rí ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀rín ló sì máa ń rín wá.

Gbogbo òbí ló mọ ohun tí èsì WAEC jẹ́ nílé wa. Láti 1952 ni àjọ náà ti wà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yunifásítì ni kì í sì í ṣí fún ọmọ tí kò bá ní kírédíìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Láti A1 dé C6 ni kírédíìtì. Ẹni tó gba D7 tàbí E8 kò fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. F9 ti bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ìṣirò ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ padà, ibẹ̀ sì ni èrú ti máa ń gbà wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba owó kan lọ́wọ́ àwọn òbí, wọn yóò pè é ní owó ìtọ́jú àlejò. Àlejò náà ni sùpáfáísọ̀ tó wá ṣọ́ ìdánwò. Bí ìwé ìbéèrè bá ti dé, fóònù kan yóò ya á, àwòrán rẹ̀ yóò jáde, olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà yóò jókòó sínú yàrá, yóò ṣe é láti òkè délẹ̀, ìdáhùn yóò sì padà wọ gbọ̀ngàn. Ìbéèrè ìṣirò 50 tí ọmọ máa ń mú ìdáhùn nínú mẹ́rin, olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè parí rẹ̀ kí ọmọ tó dé ìdajì. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà ìyanu. Ìyanu! Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ ọwọ́ Jésù ni wọ́n mú, tí wọ́n fi sọ èrú lórúkọ, àwa onígbàgbọ́ sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu láìgbọ̀n. Òfin ìjọba tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ti wà láti 1999. N kò tíì rí òbí kan tí òfin náà dá dúró.

Ohun tí Dádì fẹ́

Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ mọ́kànlá péré nínú méjìdínlógójì ló rí kírédíìtì ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí kan kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì, níbi tí gbogbo ọmọ ti ń yege lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ní oṣù kẹta, Dádì pe Ántì Ìṣirò sí ọ́fíìsì. Ó ti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. ₦15,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá sọ ohun tó fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ó ní: "O ò ní wọ gbọ̀ngàn. O ò ní fún ọmọ kankan ní nǹkan kan. Ọ́fíìsì mi níbí lo máa jókòó sí. Wàá bá mi ṣe ìbéèrè yẹn sórí pépà, wàá fi pépà sílẹ̀ lórí tábìlì, wàá máa lọ sílé rẹ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí pépà lẹ́yìn rẹ, ìyẹn kì í ṣe tìẹ mọ́."

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gé ẹ̀ṣẹ̀ náà wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá fún un ní ẹyọ kan tó kéré jù? Olùkọ́ ìṣirò ni, ìṣirò ni wọ́n ní kó ṣe. Pépà, bírò, tábìlì. Bó ṣe dákẹ́ tí kò dáhùn, Dádì fi kún un pé ọmọ tirẹ̀ náà wà lára àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò, pé òun kò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún dákẹ́, ó pa òwe fún un: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò mẹ́nu kan owó iṣẹ́ abẹ, kò sì sídìí tó fi yẹ kó mẹ́nu kàn án.

Ó tọrọ ọ̀sẹ̀ kan láti ronú. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo èèyàn fi lọ tán, ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ibí ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ owó ilé wọn. Mo mọ ọkọ rẹ̀. Mo sì mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ́ jáde, pé ọmọ ìjọ wa mẹ́tàlá ló wà ní kíláàsì yẹn. Mo sọ fún un pé kó lo ọgbọ́n. Mo wá mú Náámánì jáde. Mo ní lẹ́yìn tí Ọlọ́run wo Náámánì sàn, ó ṣàlàyé fún Èlíṣà pé ọba òun yóò fara ti ọwọ́ òun nígbà tó bá ń forí balẹ̀ nílé Rímónì, pé òun náà yóò sì tẹ̀ ba pẹ̀lú ọba, kí Olúwa dárí jì òun nítorí ìyẹn. Wòlíì náà kò bínú sí i, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Mo ní ipò Náámánì ni òun náà wà.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, Náámánì ò gbẹ́ òrìṣà yẹn sà. Ọwọ́ ọba ló dì mú. Èmi, wọ́n ní kí n gbẹ́ ẹ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń wàásù nígbà náà, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tó túmọ̀ ibi yẹn fún mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbìyànjú

Kò kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó padà lọ bá Dádì, ó ní òun kò ní lè ṣe pépà náà, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́ àwọn ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀, àti ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí ìdánwò yóò fi dé. Dádì dúpẹ́, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, ó sì lọ wá ọmọkùnrin kan ní ìlú kejì tí yóò ṣe pépà.

Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn débi pé òun gbàgbé oúnjẹ àárọ̀. Ṣùgbọ́n bí owó àlejò ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń dín kù. Kí ni ọmọ yóò máa fi ojú oorun kọ́ ìṣirò fún, nígbà tó mọ̀ pé ìdáhùn ń bọ̀? Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ méje ló kù. Ọmọ tirẹ̀ kò sí lára wọn. Òun náà ti gbọ́ pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, ó sì gbà pé ọmọ olùkọ́ kò ní ṣe aláìrí tirẹ̀ gbà.

Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un pé òun kò gbà kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní òun ń bẹ̀rù pé ó lè sọ ọ́ káàkiri, ó sì tún ń bẹ̀rù ojú tó máa fi wo òun. Lójú tèmi, àṣìṣe kan ṣoṣo tó ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì náni lówó.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti mọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a jà, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni Kristẹni tó kù láyé ni?" Nígbà tí kò gbà, ó yá ₦15,000 lọ́dọ̀ ẹnì kan ní ọjà, ó gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìsọ fún un. Akápò ilé-ẹ̀kọ́ ló ta á lólobó. Ó lọ bá Dádì pé kó dá owó náà padà. Dádì kà á sọ́wọ́ rẹ̀ ní owó ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ìwọ lo ṣe é fún ọmọ rẹ o. Kì í ṣe èmi." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀ nílé.

Àwọn alàgbà kan tí mo sọ ìtàn yìí fún ti bi mí pé ṣé kò yẹ kó tẹrí ba fún ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká rántí Sáfírà. Ó gba ohun tí Ananíà sọ, ó sì sọ ọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́, Pétérù kò sì kà á sí ìtẹríba fún un.

Lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, wọ́n kó ọmọ mọ́kàndínlógójì sí gbọ̀ngàn ńlá. Àwọn mẹ́ta tó kù, ọmọ Ántì Ìṣirò àti ọmọ méjì tí òbí wọn kò rí owó náà san, ni wọ́n kó sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Ọmọkùnrin náà rò pé àṣìṣe ni. Ó ní òun ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ ìdúpẹ́

Ní oṣù kẹjọ, èsì jáde. Nínú ọmọ mọ́kàndínlógójì tó wà ní gbọ̀ngàn ńlá, ọmọ méjì péré ni kò rí kírédíìtì ìṣirò. Ọmọ Ántì Ìṣirò gba D7. Ọmọ olùkọ́ ìṣirò! Ní ìlú kékeré, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní lẹ́tà pé ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ní sáà tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìdúpẹ́ wa. Àwọn òbí ọmọ mọ́kànlá jáde wá síwájú pẹ̀lú aṣọ àǹkárá kan náà. Onígángan ń lù, owó ń fò. Alàgbà kan gba ẹ̀rọ amóhùndún, ó jẹ́rìí pé A1 ni Ọlọ́run fún ọmọ òun nínú ìṣirò, pé ojú tì sàtánì. Alàgbà yìí ló bá àwọn òbí gba owó àlejò jọ. Mo mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbàdúrà ọpẹ́.

Ẹgbẹ́ akọrin ló gbé orin fún wọn. Ántì Ìṣirò wà ní ìlà kejì. Mo yíjú, mo rí i, ó ń kọrin, gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà ló ń pè. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, ó tẹ orí mọ́ ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Nígbà tí ìsìn parí, ẹni tó ń kó aṣọ akọrin jọ rí tirẹ̀ lórí àga, ó ti ká a dáadáa. A kò rí i fún ọjọ́ Ìsinmi méje.

Bí mo bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ bàjẹ́ pátápátá, n kò ní tọ́ka sí ọ́fíìsì Dádì. Ó borí níbẹ̀. Ó borí nínú ìjà tó bá ọkọ rẹ̀ jà. Iwájú pẹpẹ wa ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀. Ní 1849, nígbà tí inúnibíni dé bá àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìyà ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí àbà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ ẹni tó kàn án mọ́ ọn, ó sì mọ ibi tí àwọn ará rẹ̀ wà. Obìnrin yìí kò mọ èwo ni ará mọ́. Àwọn tó fún un lọ́rùn àti àwọn tó ń pè é ní arábìnrin, àwọn kan náà ni.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, àti èyí tí kò ṣiṣẹ́

Mo kọ́kọ́ rán ìrẹsì sí i. Àpò ìrẹsì kan àti òróró láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń rí sí aláìní. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n fún opó kan ládùúgbò. Inú bí mi díẹ̀, mo rò pé ìgbéraga ni. Ó pẹ́ kí n tó lóye rẹ̀. A ti sọ ẹni tó jẹ́rìí fún Kristi di ẹni tó ń tọrọ jẹ. Bí a bá fún un ní ìrẹsì láìsọ ìdí tí ebi fi ń pa á, a ti ran àwọn tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, mo lọ fúnra mi. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìn ilé, ó gbé àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan lé orí itan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde, ó ní kí n jókòó. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń fi ìka ya òkúta àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, ó ń dà wọ́n sílẹ̀ fún adìyẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní:

"Pásítọ̀, ẹ wàásù nípa Dáníẹ́lì ní oṣù kẹrin. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe é. Ìgbà tí mo dé inú ihò kìnnìún, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò retí pé kẹ́ ẹ wá gbé mi jáde sà. Mo kàn rò pé ẹ máa wá dúró sẹ́nu ihò, bíi ti Dáríúsì, kẹ́ ẹ sì pe orúkọ mi."

Èmi náà mú ẹ̀wà díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. N kò ní ohun tí n ó fi dá a lóhùn. Kí n tó lọ ni mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè ní oṣù kẹta: èló ni owó oṣù tó ń gbà, ìgbà wo ni owó ilé yóò pé, kí ni ọmọ rẹ̀ nílò? ₦38,000, oṣù kọkànlá, ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó ti fi owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún ìdánwò àwọn tó ń dá ṣe é, èyí tí à ń pè ní GCE, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbà kí ìyá òun kọ́ òun mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ìjọ pé mo gba àdúrà ọpẹ́ kan lórí ohun tí n kò béèrè bó ṣe dé, bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ bó ṣe dé. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí ìjọ náà dárí jì mí. N kò dárúkọ òbí kankan, n kò dárúkọ ọmọ kankan. Ìgbìmọ̀ alàgbà gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní mo ti ba orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Wọ́n béèrè pé ta ló lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan jíwèé wò. Alàgbà tó jẹ́rìí nípa A1 kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kúrò nínú ìjọ kí oṣù tó parí, ìdílé kejì sì bá a lọ. Ó dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá àgbàlagbà, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ní pálọ̀ iwájú tí ẹnikẹ́ni kì í lò, kí Ántì Ìṣirò wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì níbẹ̀. Òun náà ló ka orúkọ ìdílé mẹ́fà, ó fi ti ara rẹ̀ ṣe ìkeje. Ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò máa mú ₦5,000 wá lóṣooṣù, nínú àpòòwé kan ṣoṣo, a ó sì máa gbé e fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: owó iṣẹ́ rẹ nìyí. Ó gba èyí. Ó tò ó sínú ìwé bí ẹni tó ń gba owó oṣù.

Ti ọmọ rẹ̀ ló pẹ́ jù. Ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó gbà pé kí èmi, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó pọ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa Ṣádírákì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò rí i sọ. Ọmọ náà ní, "Màmi, kì í ṣe torí pé wọn ò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n kó wa sínú yàrá yẹn bí ẹni tó lárùn. Àwọn méjì yòókù mọ̀ pé torí owó ni. Èmi nìkan ni mi ò mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti kàwé." Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó ní, "Mo jẹ̀bi rẹ. Ó yẹ kí n sọ fún ọ." Ọkọ rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, wọlé wá jókòó tì í.

Ohun tí n ó ṣe yàtọ̀ bí irú rẹ̀ bá tún dé

N ó kọ́kọ́ béèrè iye tí yóò ná ẹni náà, kí n tó ṣí Bíbélì. Ẹni tó bá wá bá wa pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń mọ ohun tó tọ́. Ántì Ìṣirò mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹni tí yóò bá a ru ẹrù rẹ̀. Bí mo bá tún ní àyè láti fún un ní ẹsẹ Bíbélì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìtàn àwọn agbẹ̀bí inú Ẹ́kísódù ni n ó kà fún un, Ṣífírà àti Púà, tí Fáráò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn gan-an ṣe ibi. Ọba kò ní kí wọ́n lọ jagun. Ó ní kí wọ́n gbẹ̀bí bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, kí wọ́n kàn pa ọmọkùnrin. Ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ti ń bá Fáráò pàdé báyìí: níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé, níbi tí wọ́n ti ń wọn epo, níbi tí wọ́n ti ń ka iye àpò sìmẹ́ńtì.

Èkejì, gbogbo ilé ni n ó pè jókòó, kì í ṣe ẹni tó wá bá mi nìkan. Ẹ̀rí ọkàn ìyá kì í ṣe ti ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lè dúró, bí wọ́n bá fún un láyè láti yàn án. Ẹni tí wọ́n bá gbé dúró láìbi í, ìyà lásán ló jẹ.

Nípa ìdúpẹ́, a kò fi òfin dè é. A kàn ń bá ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú báyìí, ní oṣù kìíní, kí owó àlejò tó délé. Pálọ̀ ìyá àgbàlagbà yẹn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ èyíkéyìí, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ pé òun kò san án. Lọ́dún àkọ́kọ́, òbí mẹ́rin ló sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí ẹ ṣe máa ka mẹ́rin sí. Èmi mọ ohun tí ó ná ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọmọkùnrin náà gba C6 ní ìdánwò ìparí ọdún. Wọ́n lè so èsì méjì pọ̀, nítorí náà ó tó láti wọlé ẹ̀kọ́ gíga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan ti lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Dádì ṣì wà níbẹ̀, ó ti kọ́ ilé alájà kejì. Òun àti Ántì Ìṣirò pàdé nílé òkú kan lọ́dún tó kọjá, ó kúnlẹ̀ kí i, Dádì sì dáhùn.

Àpòòwé náà ń lọ fún oṣù mẹ́rìnlá. Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ó gbé e padà wá sí ọ́fíìsì mi láìtú u. Ó ní owó lẹ́sìnnì ti tó òun san owó ilé. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń san owó òṣìṣẹ́, ti kọ̀ láti fọwọ́ sí orúkọ àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti dá owó oṣù rẹ̀ dúró láti oṣù méjì. Ó fi àpòòwé náà sórí tábìlì mi. Ó ní kí n gbé e fún un lónìí, kí n má dúró de ọjọ́ Ìsinmi.